Ọwọ́ Ta Ni Mo Dì Mú?

Brooklyn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1955

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú iṣẹ́ ẹja. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kó èyí tó gbẹ wọlé báyìí kí òjò tó dé. Ara mi le. Àǹtí Loretta kí yín, ọkọ wọn náà kí yín. Ọkọ wọn ní kí n sọ fún yín pé irin ilé gogoro tí àwọn ń tò ní Manhattan ti ga débi pé ẹ̀yìn ẹyẹ làwọn ń wò láti òkè. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi iyọ̀ sí i.

Ẹ béèrè bóyá mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé. Màmá, ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń lọ kì í ṣe ti ìwé títẹ̀. Eré orí ìtàgé ni mò ń kọ́. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ẹ má bẹ̀rù.

Olùkọ́ wa ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Feld. Ó kéré lára, kì í pariwo, gbogbo wa la sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á fún wa ní ọ̀rọ̀ ká kọ́ sórí, ká sì máa pè é kó dún ketekete. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́, tíì gbígbóná là ń mu, láìsí ife, láìsí tíì. A ó jókòó, a ó ká ọwọ́ bí ẹni pé ife wà nínú rẹ̀, títí àtẹ́lẹwọ́ á fi gbóná. Ní báyìí ó ti mú wa dórí ìrántí. Ó ní òṣèré tó bá fẹ́ sunkún kò gbọdọ̀ díbọ́n, kó padà síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti sunkún rí. Kò sì gbọdọ̀ lépa ẹkún náà. Ohun tó yí i ká lọ́jọ́ náà ni kó wá: òórùn ilé, aṣọ tó kàn án lára, ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé. Bó bá rí ìyẹn, ẹkún á wá fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Dádì wá sílé ni mo mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí. Kí ló wà lórí sítóòfù? Aṣọ wo lẹ wọ̀ fún mi? Òórùn wo ló wà ní pálọ̀? Ẹ tètè fèsì, torí ó máa tó kàn mí.

Ọmọ yín,
Dina

Gannet Cove,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá, 1955

Dina ọmọ mi,

Ẹ kú ilé o. Kí Loretta fún mi, sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù tí mo ti rí ìwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ mò ń rìn.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo wá gbé e fún Fadá bóyá òun á lóye rẹ̀. Tíì láìsí ife? Ní ìlú tí wọ́n ti ń ta tíì lójúlé-dójúlé? Fadá ní òun ti gbọ́ nípa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á tẹjú mọ́ ọ títí wàá fi sùn lórí ìjókòó, wọ́n á sì máa bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ. Ṣé ọkùnrin náà máa ń fọwọ́ kàn ọ́? Ṣé obìnrin mìíràn wà nínú yàrá náà? Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ dáhùn.

Bó bá jẹ́ eré lo fẹ́ ṣe, ṣebí o ṣe Màríà nílé ìwé níbí tí gbogbo ìjọ yìn ọ́. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ léèrè ohun tó wà lórí sítóòfù.

Ìbéèrè rẹ ni kò yé mi. Ọjọ́ wo ni wọ́n gbé bàbá rẹ wá sílé? Ta ló gbé e? Kùrukùru ló bò wọ́n lójú òkun ní oṣù Keje. Ọkọ̀ Leo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé, tirẹ̀ ò dé. Wọ́n wá a títí, àjẹ̀ kan ni wọ́n rí. Ohun tó wọlé wá nìyẹn. Ọ̀dà ló ń rùn nínú ilé, torí mò ń kun fèrèsé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, Leo ló ń bá mi kùn ún.

Jọ̀wọ́, lọ kọ́ ìwé títẹ̀.

Ìyá rẹ,
Monica Careen

Brooklyn,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kọkànlá, 1955

Màmá mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrora ẹsẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Feld ò fọwọ́ kàn mí rí. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú yàrá wa.

Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nípa Dádì. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí nígbà náà, àmọ́ mo wà níbẹ̀. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Wọ́n fi aṣọ bo dígí. Ẹnì kan gbé mi sókè, mo sì di ọwọ́ wọn mú. Ó tutù, ó wúwo, èékánná àtàǹpàkò sì dúdú. Wọ́n ká ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mọ́ ìka wọn. Mo fẹ́ fà á kúrò, ẹni tó gbé mi ní kí n fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Ọwọ́ mi ló rántí.

Ó kàn mí ní Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó níwájú gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni Feld ń bi mí jẹ́jẹ́, kí ló kàn mí lọ́wọ́, ibo ló tutù jù nínú rẹ̀. Bí mo ṣe dé orí èékánná dúdú yẹn, nǹkan kan já nínú mi. Mo sunkún débi pé mi ò rí èémí mí. Nígbà tí mo máa lajú, àwọn tó jókòó níwájú mi ń nu ojú. Ọ̀gbẹ́ni Feld kì í yin ènìyàn, àmọ́ ó ní, "Òótọ́ nìyẹn. Má jẹ́ kó sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mi ò sunkún Dádì bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rò pé inú yín á dùn sí i. Àbí ìbànújẹ́ ló jẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò burú.

Ọmọ yín,
Dina

Brooklyn,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, 1956

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mò ń retí lẹ́tà yín ní Kérésì, mi ò rí i. Àǹtí Loretta ní yìnyín ló dí ojú omi tí ọkọ̀ ò fi lè dé. Àmọ́ obìnrin tó ń gbé lókè wa, tó wá láti etíkun tiwa yẹn náà, ti gba lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí n rí i kà.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Feld ní kí n tún mú ọwọ́ náà wá. Mo mú un wá, àmọ́ kò tó ti àkọ́kọ́. Ó tún ní kí n mú un wá, kò sí nǹkan kan. Bí ọwọ́ bèbí onígi ló rí. Ó ní mò ń sá fún un ni, kí n túbọ̀ wà á jinlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá mú mi lọ sọ́dọ̀ Madam Brandt. Ìyá àgbàlagbà kan ni, láti Vienna, ó ga, yẹtí rẹ̀ ń mi, ohùn rẹ̀ ń dé títì. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọwọ́ Dádì fún un, ó na ìwé eré kan sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, fi bàbá rẹ sílẹ̀ níbi tó wà. Obìnrin inú eré yìí ní bàbá tirẹ̀. Òun ni kó o lọ wá." Ọ̀rọ̀ inú ìwé eré ló ní ká gbé yẹ̀ wò: irú ilé wo ni obìnrin náà ń gbé, ta ló ń bá a fọṣọ, kí ló ń bẹ̀rù. Ó ní ayé ẹnì kan ṣoṣo ti kéré jù fún eré ńlá, pé ohun tí ọkàn bá fojú inú rí ló tóbi. Ó ní kí n lọ sí ilé ẹjọ́ lọ wo bí adájọ́ ṣe ń jókòó, torí adájọ́ ni bàbá obìnrin náà.

Bí Ọ̀gbẹ́ni Feld bá gbọ́, á ní irọ́ ni obìnrin náà fi ń kọ́ ènìyàn. Madam Brandt ní ẹni tó bá ń hú òkú rẹ̀ jáde nítorí omijé, dókítà ló yẹ kó rí, kì í ṣe ìtàgé. Àwọn tí àwọn méjèèjì kọ́ ń ṣeré káàkiri ìlú yìí, tọ̀tún-tòsì. Bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, tirẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́dọ̀ obìnrin yìí, mo ti ń ṣiyèméjì. Inú ọkọ̀ yẹn gan-an ni mi ò ti mọ ẹni tí mo jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Dina

Gannet Cove,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 1956

Dina,

Mo kí ọ. Kì í ṣe yìnyín.

Èékánná dúdú tó o kọ sínú lẹ́tà ló dá mi dúró. Bàbá rẹ fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó lọ sókun. Ó dúdú. Èmi ni mo fi aṣọ dì í. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?

Mo gbé e lọ́kàn títí ọdún fi yí. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Leo nílé rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ó ti bàjẹ́ débi pé ẹ ò fẹ́ kí n rí i? Ṣé ẹ gbé e wá, ẹ fi han ọmọ, ẹ wá lọ sin ín?" Ó dìde, kò mú kóòtù, ó jáde lọ sínú òtútù, ó lọ dúró létí omi. Kò tíì tẹsẹ̀ bọ ilé mi láti ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ kiri pé mo pe ọkọ òun ní ẹni tó jí òkú gbé.

Mo lọ sí itẹ́ òkú. Mo fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò káàkiri, mò ń wá ibi tí ilẹ̀ ti ga tí kò sórúkọ níbẹ̀. Fadá ló wá mú mi kúrò.

Bí mo ṣe ń rò ó nìyí. Nígbà tí wọ́n gbé àjẹ̀ yẹn dé, mo wó lulẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wà lórí ibùsùn. Mi ò rántí ohunkóhun nínú ọ̀sẹ̀ náà. Ṣé ìgbà náà ni? Àbí wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ mi, èmi ò sì mọ̀? Mo ti ń bẹ̀rù orí ara mi. Wí fún mi. Ìwọ lo sọ pé o wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ

Brooklyn,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 1956

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Mo gbé lẹ́tà yín fún Àǹtí Loretta. Mi ò fọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti kúrò nílé kí Dádì tó kú. Wọ́n ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n ní, "Dina, èmi ni mo gbé ọ sókè. Bàbá tiwa ni, tèmi àti ti bàbá rẹ."

Bàbá àgbà ni, Màmá. Bàbá Ambrose. Wọ́n kú ní ìgbà òtútù tó ṣáájú ìrìn àjò Àǹtí sí Brooklyn, pálọ̀ ilé tiwọn ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Àǹtí ní mo fẹ́ gba ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ òkú, àwọn ní kí n fi sílẹ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo béèrè èékánná dúdú. Wọ́n ní gbogbo ọkùnrin ilé àwọn ló ń kan ọkọ̀ ojú omi, pé kò sí èyí tí èékánná rẹ̀ ò dúdú rí.

Wọn ò gbé Dádì wá. Orí yín pé. Tèmi ló da ikú méjì pọ̀ mọ́ra. Mo ti kọ̀wé sí Bọ̀ọ̀dá Leo láti tọrọ àforíjì, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ bá wọn.

Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Feld. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ara kì í ka ọdún, pé ẹkún yẹn kì í ṣe ti ẹlòmíràn, kí n máa lò ó lọ. Mo sọ fún Madam Brandt. Inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, pé ẹ̀kọ́ òun ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí, torí mo fojú inú rí ìsìnkú tí kò ṣẹlẹ̀ débi pé èmi fúnra mi gbà á gbọ́. Àwọn méjèèjì dá mi láre. Kò sí èyí tó béèrè yín nínú wọn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé Madam Brandt, mi ò mọ ibi tí mo máa lọ.

Ohun mìíràn ni pé wọ́n mú mi fún eré kan, ní ilé eré kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà. Obìnrin kan ni mo jẹ́, wọ́n á wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ò ní padà. Bẹ́ ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é.

Ọmọ yín,
Dina

Gannet Cove,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 1956

Dina ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Loretta. Mo lọ bá Leo. Ó tẹ̀ lé mi wálé, ó mu tíì, ó wo fèrèsé, ó ní ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí tó kù. Nígbà tó o kọ̀wé pé o di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bínú. Nígbà tó o kọ̀wé pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, mo tún bínú, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn tí mò ń yọ Leo lẹ́nu, tí mò ń gbá yìnyín kiri, ibì kan nínú mi ń sọ pé ó kúkú wálé, ó kúkú ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ kúkú fọwọ́ kàn án. O fún mi ní òkú, o tún gbà á padà. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n bú ọ.

Lọ ṣe eré rẹ. Má bi mí léèrè nípa rẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ

Brooklyn,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà, 1956

Màmá mi,

Ẹ kú ìsinmi òní. Ẹ ní kí n má bi yín, mi ò ní bi yín, mo kàn fẹ́ ròyìn.

A ti ṣe eré náà. Àǹtí Loretta wá, ọkọ wọn wá pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó mú ìròyìn ikú wá bá mi nínú eré ń jẹ́ Ruben. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ lòun ní, èyí tó ń kọ́ wọn pé kí òṣèré má mú nǹkan kan bọ̀ láti ilé, kó ṣáà gbọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, kó sì dá a lóhùn. Mo ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Kí n tó jáde, mo wá ọwọ́ Bàbá àgbà, kò wá. Mo wá obìnrin inú eré, ilé rẹ̀, ẹni tó ń bá a fọṣọ, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. Ruben wọlé, ó dúró, ó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó sì gbàgbé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti sọnù. Ó ń wò mí, kò lè sọ ọ́. Èmi náà ń wò ó. Ara mi kàn mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mi ò sunkún. Mo fa àga fún un, mo ní, "Jókòó. Ọ̀nà jìn." Kò sí nínú ìwé eré. Mo gbọ́ tí Àǹtí fa imú.

Nígbà tá a parí, Ọ̀gbẹ́ni Feld, tó wà lẹ́yìn, ní òun rí i pé mo ti wa ìrántí náà jinlẹ̀. Madam Brandt ní òun rí obìnrin inú eré kedere. Ruben ní olùkọ́ òun ì bá yọ̀. Màmá, mi ò mọ ti ta ni. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè tún un ṣe lọ́la. Wọ́n sì ní ká tún un ṣe lọ́la.

Ọmọ yín,
Dina

Gannet Cove,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje, 1956

Dina ọmọ mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹja ń wọlé dáadáa, oòrùn sì ń ràn. Loretta kọ̀wé sí mi nípa eré náà, ó kún ojú ìwé méjì. Ó ní nígbà tó o fa àga yẹn, òun gbàgbé pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni ọ́. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Bí Fadá ti ń bẹ̀ mí tó, láti ìgbà tí òkun ti gbé e lọ, mi ò gbà kí wọ́n gbé òkúta sí itẹ́ òkú fún bàbá rẹ. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ gbé e lé. Mo ti gbà báyìí. Leo ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta kan, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Ambrose la máa gbé e sí. Kò ní sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó sì dúró síbẹ̀ náà.

Ní oṣù Kẹjọ ni, lẹ́yìn tá a bá kó ẹja tá a kọ́kọ́ sá wọlé. Gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ, kó o wá. Má mú ìkankan nínú àwọn olùkọ́ yẹn bọ̀ lọ́kàn. Bí ẹkún bá wá, má gbé e mì nítorí pé mò ń wò ọ́. Bí kò bá sì wá, má wá a kiri. Èmi náà ò mọ̀ bóyá màá sunkún. Látijọ́ yìí, mi ò tíì dúró síbì kan rí nítorí bàbá rẹ. A ó débẹ̀ ná.

Ìyá rẹ,
Monica Careen